Ta Ló Lọ Sọ fún Àwọn Ará Ilé Rẹ̀

Ìgbátí ọjọ́ náà dún ju ti àná lọ. Fàúsát fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó fi ọwọ́ di etí òsì rẹ̀ mú, àfi bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé orí ìtàgé lòun wà, ló bá sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú Jubril, ẹni tó ń ṣe ọkọ rẹ̀ nínú eré, gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó kún inú gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé kí ó tún fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì gbé fóònù sókè kí tọ̀tẹ̀ yìí má bàa fò ó dá.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé, Ọlárónkẹ́ dúró pẹ̀lú ife májèlé lórí àwo. Sóbò ló wà nínú ife ọ̀hún. Òun ni ìránṣẹ́bìnrin nínú eré náà, ọ̀rọ̀ tó sì ní láti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò kún ẹnu. Yóò gbé ife wọlé, yóò sọ pé olúwa òun ló fi ránṣẹ́. Nígbà tí ìyàwó bá mu ún tán tó sì kú, yóò fi aṣọ bò ó, yóò jáde, kí ọkọ lè ráyè sunkún dáadáa.

"Fàúsát," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tí ọmọbìnrin náà wọlé wá sẹ́yìn ìkélé láti pààrọ̀ aṣọ. "Ṣé kò sí o?"

Fàúsát kò dáhùn. Ó ń tú bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, etí òsì ló kọ sí Ọlárónkẹ́. Ọlárónkẹ́ tún pè é, ohùn rẹ̀ sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ ọmọbìnrin náà kò jẹ́. Ìgbà tó fọwọ́ kàn án léjìká ló tó ta gìrì.

"Àǹtí Rónkẹ́, ẹ dẹ́rù bà mí."

"Mo ti ń pè ọ́ látàárọ̀."

"N ò gbọ́ ni. Ariwo àwọn ọmọ yẹn ti pọ̀ jù."

Ariwo ti rọlẹ̀ pátápátá nígbà yẹn. Ohùn Jubril nìkan ló ń dún lórí ìtàgé, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ sọ pé ìyàwó òun ti ba orúkọ ilé bàbá òun jẹ́.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn ni pé, ìwé eré tí àwọn elétò ìdánwò bá yàn fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama, wọn á gbé e sórí ìtàgé kí ojú àwọn ọmọ lè tó o kí wọ́n tó lọ jókòó ìdánwò. Àwọn ilé-ìwé á fi bọ́ọ̀sì kó ọmọ wọn wá láti Agége, láti Òpebì, láti Ìlúpéjú, sí ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan tí wọ́n sọ di gbọ̀ngàn lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ìkẹjà. Olúgbénró ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Òun àti Ọlárónkẹ́ jọ kẹ́kọ̀ọ́ eré ní yunifásítì, láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ ni Ọlárónkẹ́ ti wà níbẹ̀. Níwájú àwọn ọmọdé, ó máa ń pè é ní Ọ̀gá. Bó bá ku àwọn méjèèjì, orúkọ rẹ̀ ló máa ń pè é.

Lọ́pọ̀ ìgbà, eré ìbànújẹ́ àwọn Òyìnbó ayé ọjọ́un ni wọ́n máa ń yàn, Ọlárónkẹ́ sì ti ṣe wọ́n títí tí wọ́n fi sú u. Obìnrin inú wọn kò ju oríṣi méjì lọ: bí kò bá jẹ́ àjẹ́, á jẹ́ àgùntàn. Àjẹ́ ni èyí tó bá lè la ẹnu sọ ohun tó fẹ́. Àgùntàn ni èyí tó bá ní ohunkóhun tí ọkọ òun bá ti fẹ́ lòun náà fẹ́. Kí eré tó parí, wọ́n á ti pa àtèyí àtọ̀hún. Òkú á wà nílẹ̀, ọkùnrin á dúró lé e lórí, á máa fi ọ̀rọ̀ dídùn ṣàlàyé bí ọkàn tirẹ̀ ṣe gbọgbẹ́ tó. Ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn tíṣà máa ń ní kí àwọn ọmọ há sórí. Ohun tí òkú wí, kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀ nínú ìdánwò.

Ọlárónkẹ́ ti mu májèlé rí, ó ti kó sómi, wọ́n ti gún un lọ́bẹ, wọ́n ti fún un lọ́rùn lórí ibùsùn. Nígbà tí ewú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí rẹ̀, Olúgbénró gba ipò ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún Fàúsát tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì ní kí Ọlárónkẹ́ máa gbé ife. Ó dùn ún. Kò parọ́ fún ara rẹ̀ nípa ìyẹn.

Ṣùgbọ́n nígbà tirẹ̀, wọn kì í gbá a létí ní tòótọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wọn ni pé, ọwọ́ ẹni tó ń gbáni á kọjá níwájú ojú láìkàn án, ẹni tí wọ́n gbá á sì fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́ nísàlẹ̀, níbi tí ojú òǹwòran kò dé, kó lè dún. Bẹ́ẹ̀ ni Fàúsát náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Àfìgbà tí ọmọ ilé-ìwé kan ya fídíò rẹ̀, tó gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára pé ẹ wá wo ìgbátí òfegè, tí àwọn èèyàn sì fi wọ́n ṣẹlẹ́yà kárí Èkó. Láti ọjọ́ náà ni Olúgbénró ti pàṣẹ fún Jubril pé kó máa gbá a dáadáa.

Nígbà tí eré àárọ̀ parí, tí àwọn ọmọ ń wọ bọ́ọ̀sì, Ọlárónkẹ́ bá Olúgbénró nínú yàrá kékeré tó fi ṣe ọ́fíìsì.

"Olúgbénró, ọmọ yẹn ò fi etí òsì gbọ́rọ̀ mọ́."

"Ṣé òun ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mo rí i."

"Ìwọ lo rí i." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Rónkẹ́, jẹ́ ká sòótọ́. Láti ìgbà tí mo ti gba ipò yẹn lọ́wọ́ ẹ, kí ni ọmọ yẹn ṣe rí tó dáa lójú ẹ?"

"Mò ń jowú. Mo gbà. Ṣùgbọ́n owú mi kọ́ ló ń fọ́ ọ létí. Ọwọ́ Jubril ni, ìwọ lo sì rán an."

"Ó wà nínú ìwé pé ọkọ gbá a létí."

"Ó wà nínú ìwé kan náà pé ó mu májèlé. Kí ló dé tó o fi ń fún un ní sóbò?"

Olúgbénró dìde. Ó ti ilẹ̀kùn kí àwọn tó kù má bàa gbọ́. "Mi ò fẹ́ yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọ ò gbàgbọ́ nínú ìgbátí òfegè mọ́. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

"Kì í ṣe àáké lò ń lò, etí ọmọ ọlọ́mọ ni. Gbá ọmọ tìẹ bẹ́ẹ̀ ká wò ó."

"Fi ọmọ mi sílẹ̀."

"Ṣó o rí i? Ohun tó tiẹ̀ ń bí mi nínú jù nínú eré yìí gan-an nìyẹn. Obìnrin yẹn kú, kò sí bàbá, kò sí ìyá, kò sí ẹ̀gbọ́n kan tó wọlé wá béèrè pé kí ló pa á. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí mi sí, bí obìnrin bá kú sílé ọkọ, ilé bàbá rẹ̀ la kọ́kọ́ ń ránṣẹ́ sí. Kò sẹ́ni tó máa bò ó mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó dé. Wọ́n á béèrè títí, ọkọ á sì dáhùn."

"Òyìnbó ò ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ṣé Òyìnbó kì í bímọ ni?"

"Kò sí nínú ìwé," Olúgbénró wí, ó ń fi ìka lu tábìlì. "Bí ọmọ bá lọ kọ ohun tí kò sí nínú ìwé, òdo ló máa gbà. Àwọn tíṣà ò ní kó wọn wá mọ́. Ṣé o fẹ́ ká kógbá wọlé ni? Lọ múra, ìyá ìránṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn wọ Ọlárónkẹ́ lára. Ó jáde, torí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe èyí tí àgbà lè sọ.

Fàúsát jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó ń jẹ búrẹ́dì àti àkàrà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún nìkan ló fi ń jẹ ẹ́. Òórùn ọṣẹ láti ilé-iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ wọn gba gbogbo afẹ́fẹ́.

"Jẹ́ kí n wo etí yẹn."

"Kò sóhun tó ṣe é, Àǹtí."

"Ó ń hó nínú, àbí?"

"Àǹtí Rónkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀." Fàúsát gbé búrẹ́dì sórí ẹsẹ̀. "Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń mọ̀ mí lójú títì. Wọ́n ń bá mi ya fọ́tò. Ẹ̀yin náà ṣe tiyín, kò sẹ́ni tó dí yín lọ́wọ́."

"Nígbà tèmi, ẹnikẹ́ni ò gbá mi létí ní tòótọ́."

"Bóyá ìdí nìyẹn tẹ́nikẹ́ni ò fi rántí yín."

Ọlárónkẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó le, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. "Bàbá ẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀ pé wọ́n ń gbá ọ létí níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́?"

Ojú Fàúsát yí padà. Bàbá rẹ̀, Làsísì, jẹ́ télọ̀ ní Agége, Ọlárónkẹ́ sì mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ torí pé ó ti sin ọmọ náà délé rí nígbà tí òjò ká wọn mọ́ lójú ọ̀nà.

"Wọ́n mọ̀ pé mò ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé," ni Fàúsát wí. "Ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọkùnrin ń gbá mi létí níwájú èrò, mo ti ṣe eré mọ nìyẹn. Ẹ ò gbọdọ̀ débẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀, n ò ní kí yín mọ́ títí ayé."

"Mo gbọ́."

"Owú lẹ̀ ń jẹ. Gbogbo èèyàn ló mọ̀."

Ọlárónkẹ́ wá Jubril lọ. Ó bá a níbi tó ti ń kó ìlẹ̀kẹ̀ eré rẹ̀ sọ́rùn. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó fi ọwọ́ kọjá lọ́sàn-án yìí, kó má kàn án. Jubril kò gbójú sókè.

"Ọ̀gá máa dúró ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n á máa wò mí. Bí n ò bá gbá a, èmi ni wọ́n máa lé."

"Ṣé o lè gbá àbúrò ẹ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyẹn kì í ṣe eré, Àǹtí," ó wí, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Èrò ọ̀sán pọ̀ ju ti àárọ̀ lọ. Ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan láti Agége wà láàárín, àwọn ilé-ìwé mìíràn sì yí wọn ká. Nígbà tó kan ibi ìgbátí, Olúgbénró dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkélé, ó ká apá mọ́ àyà. Jubril wò ó. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́. Fàúsát ṣubú, kò sì sí nínú ìwé pé kó ṣubú. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà fi orúnkún àti ọwọ́ dìde, ó ń wá ibi tó ti yẹ kó kúnlẹ̀ sí, ó kúnlẹ̀ síbi tí kò yẹ.

Ọlárónkẹ́ gbé ife wọlé. Ó sọ èyí tó yẹ kó sọ. Fàúsát mu ún, ó di ikùn mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀: ó dárí ji olúwa òun, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá olúwa òun lẹ́bi, àyànmọ́ òun ló burú. Májèlé ń jẹ ìfun rẹ̀, òun tún ni ó ń wá àwíjàre fún ẹni tó fún un mu. Ọlárónkẹ́ fúnra rẹ̀ ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí láìmọye ìgbà, ó ti sọ ọ́ tí àwọn tíṣà obìnrin sunkún. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ náà kó o nírìíra.

Fàúsát kú. Ọlárónkẹ́ tẹ̀ síwájú pẹ̀lú aṣọ funfun, ó tú u, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà náà ló rí i. Omi kan ti ṣàn jáde nínú etí òsì ọmọ náà dé ọrùn, ó sì pọ́n.

Ó yẹ kó da aṣọ bò ó kó sì jáde. Jubril ti wọlé, ó ti ya ẹnu, ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọlárónkẹ́ ká aṣọ náà padà. Ó jókòó ti orí òkú, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ti ń jókòó ti òkú nílé wọn, ó sì fi Yorùbá sọ̀rọ̀.

"Ẹ dúró ná, olúwa mi. Ta ló lọ sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀?"

Jubril wò ó. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ìkélé. Ó tún ìlà kan náà mú, ó fi ohùn gbé e sókè. Àwọn ọmọ kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ibi àwàdà ló kàn.

"Mo ní ta ló lọ sọ fún wọn?" Kò pariwo. "Ọmọ yìí ní bàbá. Àárọ̀ yìí ló kúrò lọ́dọ̀ wọn, ara rẹ̀ sì dá. Ẹ ní kí n fi aṣọ bò ó, n ò kọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n máa béèrè ohun tó ṣe é. Kí ni kí n wí?"

"Àṣìṣe ni," ni Jubril wí. Yorùbá ló bọ́ sí i lẹ́nu, kò sì dà bí ẹni pé ó mọ̀.

"Ìgbátí ńkọ́? Ṣé àṣìṣe ni ìyẹn náà?"

Ẹnì kan dáhùn láti àárín àwọn ọmọbìnrin Agége pé rárá o. Òmíràn sọ ọ́ tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn tó gbé fóònù sókè sọ ọ́ kalẹ̀. Ọlárónkẹ́ ń wo Jubril, Jubril ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìgbà tí Olúgbénró fúnra rẹ̀ fa ìkélé dé ni gbogbo rẹ̀ tó parí.

Ẹ̀yìn ìkélé gbóná. Tíṣà kan ti dé ẹnu ọ̀nà tó ń ráhùn pé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ọkọ ni wọ́n máa ń mú jù nínú ìdánwò, àwọn ọmọ òun kò sì gbọ́ ọ. Olúgbénró bẹ̀ ẹ́ títí tó fi lọ. Nígbà tó padà, kò pariwo.

"O ò bá wa ṣe mọ́, Rónkẹ́. Má wá lọ́la. Má wá láéláé."

"Mo ti mọ̀ kí n tó jókòó," ni Ọlárónkẹ́ wí. Ó ń tú aṣọ ìránṣẹ́ lọ́rùn. Ó dùn ún gan-an, ó sì ń tì í lójú pé ẹkún fẹ́ gbà á níwájú wọn.

Fàúsát sáré tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú aṣọ eré lára rẹ̀. "Ta ló rán yín níṣẹ́? Ikú mi ló dáa jù nínú gbogbo eré. Ẹ jókòó tì mí, ẹ bà á jẹ́."

Ọlárónkẹ́ na áńkáṣífù sí i. "Nu etí ẹ."

Fàúsát nù ún. Ó wo áńkáṣífù náà, ó ká a sínú ọwọ́ kí ẹnikẹ́ni má rí i, ó sì lọ dúró síwájú dígí. Olúgbénró lọ bá a níbẹ̀, ó dúró sí apá òsì rẹ̀.

"Lọ́la, tó bá ti gbọ́wọ́ sókè, má sún sẹ́yìn," ó wí. "Ìyẹn ni ò jẹ́ kó dún tó."

Fàúsát ń wo inú dígí.

"Mo ní má sún sẹ́yìn."

Ọmọbìnrin náà kò mira. Jubril tó wà ní igun yàrá gbójú sókè.

"Ṣé o ti ya adití ni?" Olúgbénró fi ohùn líle sọ ọ́, ó sì gbá dígí náà lẹ́ẹ̀kan.

Dígí tó mì ni Fàúsát rí. Ó yí gbogbo ara rẹ̀ padà. "Ẹ ní kí ni, sà?"

Olúgbénró mú ọwọ́ kúrò lára dígí. Ọlárónkẹ́ kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì, ó jáde.

Ó dúró lẹ́nu géètì. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ń wọlé, àwọn kan ń jáde. Ó ti pinnu pé ṣọ́ọ̀bù Làsísì lòun ń lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Ìyàwó inú ìwé ti kú kí ẹnikẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Èyí wà láàyè, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ nù, ó sì ti búra pé òun kò ní kí Ọlárónkẹ́ mọ́ títí ayé bó bá débẹ̀. Ìbúra náà bà á lẹ́rù ju lílé tí wọ́n lé e lọ. Síbẹ̀, ó gbé báàgì kọ́ èjìká.

Fàúsát jáde láti inú géètì. Ó ti bọ́ aṣọ eré, ìborí rẹ̀ sì bo etí méjèèjì. Ó rìn kọjá Ọlárónkẹ́, ó tún padà wá, ó dúró tì í.

"Kí lẹ máa sọ fún bàbá mi?"

"Ohun tí mo rí," ni Ọlárónkẹ́ wí. "N ò ní fi kún un."

Fàúsát ń wo ẹnu rẹ̀. Ó mi orí. "Ẹ bọ́ sí apá ọ̀tún mi, Àǹtí. N ò gbọ́ nǹkan kan ní apá ibẹ̀ yẹn."

Ọlárónkẹ́ yí i ká, ó bọ́ sí apá ọ̀tún, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

"Wọn ò ní jẹ́ kí n ṣe eré mọ́," ni Fàúsát wí.

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ọsibítù la kọ́kọ́ máa yà ná."

Fàúsát fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Inú ṣì ń bí i, ó hàn ní ọ̀nà tó gbà fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. "Bí a bá délé, ẹ jẹ́ kémi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí i pé mo fẹ́ parọ́, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́."

Ọlárónkẹ́ ní kò burú. Wọ́n sọdá títì, òun ní apá ọ̀tún, wọ́n sì kọrí sí Agége.